"Olúwa, o mọ̀ ọ́n" ni mò ń wí, ẹrù ò sì kúrò lórí mi

Arábìnrin, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́, síbẹ̀ oorun ò kun ojú yín, ẹ wá ń béèrè bóyá ìgbàgbọ́ yín ni ò tó. Odindi ọdún kan ni èmi náà fi bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Ní 2019 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi l'Ádó-Èkìtì níbí, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Káfíńtà ni. Iṣu lèmi ń tà. Ìtọ́jú gbé owó ọjà mi mì, ni mo bá yá 280,000 náírà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ìyá mi. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, "a dúpẹ́" ni. Ẹ kúkú mọ àwa ará Èkìtì, a ó gún iyán fún àlejò yó ká tó jẹ́ kó mọ̀ pé iṣu ti tán nílé.

Mo gbààwẹ̀. Mo lọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Babalọlá sí ní 1959, mo gbàdúrà níbẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ká tó dé Àrámọkọ nígbà tí mò ń bọ̀, mo ti tún ń ka gbèsè lórí ìka. (Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n dá oògùn ìfúnpá ọkọ mi dúró, kí n fi hàn pé mo gbàgbọ́. Mi ò dá a lóhùn, mi ò sì dá oògùn dúró.)

Lóru ọjọ́ kan mo ṣí Sáàmù 55. Ẹsẹ 22 ni gbogbo wa há sórí, èyí tó ní ká kó ẹrù wa lọ sára Olúwa. Lóru yẹn mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ lọ kà á. Ọkùnrin tó kọ sáàmù náà ń gbọ̀n. Ó ní ká ní òun níyẹ̀ẹ́ bí àdàbà ni, òun ì bá fò lọ. Ó ní kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe òun, ọ̀rẹ́ tí àwọn jọ ń lọ sílé Ọlọ́run ni. Ó ní alẹ́, òwúrọ̀, ọ̀sán, òun á máa ké. Kó tó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó ti tú u wò, ó ti dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tèmi ńkọ́? "Olúwa, o mọ̀ ọ́n." Ó dùn létí, àmọ́ ìbòrí ni mo fi ṣe. Bí èèyàn bá ru igi dé láti oko, ṣe ló máa ní "ẹ bá mi sọ ẹrù o", tí á sì tẹ orí ba. Èmi nàró níwájú Ọlọ́run, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú lórí òṣùká.

Mo fa ìwé ọmọ mi kan yọ, mo kọ ọ́: 280,000. Oògùn oṣù yìí. Owó ilé ìwé ọmọ méjì. Mo tún kọ ọ́ pé inú ń bí mi sí ọkọ mi pé ó dùbúlẹ̀, èyí ló pa mí lẹ́kún. Mo kà á sókè fún Ọlọ́run bí ẹni ń ka iṣu fún oníbàárà. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò wúwo mọ́ láti tún un sọ. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá akápò ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí n máa san 10,000 lóṣù. Mo sọ fún ìyá mi, wọ́n kó ẹrù wọn wá bá wa gbé.

Gbèsè yẹn ti tán. Ọwọ́ ọkọ mi ò tíì padà bó ṣe wà, bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan ló ń fún lójoojúmọ́, àmọ́ ó ti lè bá mi di odó mú tí mo bá ń gún iyán. Àwọn òru kan ṣì wà tí mo máa ń jí ní aago méjì tí mo ti tún gbé ẹrù náà rù. Màá dìde, màá wá bírò. Ìwé kẹta rèé tí mò ń kọ.