Èsì: Ìwé fún ọmọ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Ẹ ní ọ̀rẹ́ ọmọ yín kú, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fún un ní ìwé ìtàn Bridge to Terabithia. Ẹ fún un, àmọ́ ẹ jọ kà á ni o.

Katherine Paterson tó kọ ọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977, lẹ́yìn tí àrá pa ọ̀rẹ́ ọmọ tiẹ̀ gan-an. Nínú ìtàn náà, Jess àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Leslie a máa fi okùn fò kọjá odò kékeré lọ sí ìjọba tí wọ́n fọkàn dá sílẹ̀ nínú igbó. Lọ́jọ́ tí Jess lọ sí Washington, okùn já, Leslie sì kú.

Jess ò kọ́kọ́ sunkún. Ó jókòó, ó ń jẹ páńkéèkì tí ìyá ẹ̀ ṣe, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin sì ń sọ̀rọ̀ sí i pé ó ṣe lè jẹun. Bí ọmọ yín náà bá ń ṣeré kiri bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́ lára jù.

Fíìmù 2007 wà o, ṣùgbọ́n iwin inú ẹ̀ ti pọ̀ jù lójú tèmi. Ìwé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.