Nígbà tí Olówó Bá Ti Ẹgbẹ́ Pa

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan, àfi bí àwọn tó ni ín ṣe ṣàdédé kéde pé àwọn ti tì í pa. Ṣé àwa olólùfẹ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọkàn. Ohun tí ẹ sábà máa ń lè gbà padà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje tí kò ní wáyé mọ́. Ẹ tètè kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ní ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, dúkìá àwọn olówó tó ni ín ni, nítorí pé nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Àríwá Amẹ́ríkà, àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́ ló ń dìbò lórí ẹni tó lè ra ẹgbẹ́ àti ibi tó lè gbé e lọ. Ní ọdún 1978, wọ́n pa Cleveland Barons pọ̀ mọ́ Minnesota North Stars, ìlú Cleveland kò sì tíì ní ẹgbẹ́ NHL mìíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Arizona Coyotes na Edmonton Oilers ní 5-2 nínú gbọ̀ngán kékeré tó ń gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì ni líìgì fọwọ́ sí i pé kí àwọn eléré Coyotes kó lọ sí ìpínlẹ̀ Utah. Wọ́n borí, síbẹ̀ wọn kò nílé mọ́!

Inú tó ń bí yín tọ́, lójú tèmi. Àmọ́ dípò kí ẹ máa bẹ olówó, ẹ wo Swift Current Broncos, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, tó jẹ́ pé ará ìlú ló ni ín.