Owó Tí O Yá Onílé, Ilé Tí O Ń Gbé Lọ́fẹ̀ẹ́: Ṣé Hàláálì Ni?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù alékúmù, Àáfà wa. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ìkòròdú ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé, inú mọ́tò sì ni ìrun Àsùbáà ti máa ń bá mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí òrùlé ilé rẹ̀ ti jẹrà, bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní ₦2,400,000. Ó ní kí èmi àti ìyàwó mi máa gbé yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé náà láìsan kọ́bọ̀. Tí ọdún mẹ́ta bá pé, yóò dá gbogbo owó mi padà. A bi àáfà kan, ó ní hàláálì ni: kò sí owó tó lé lórí owó, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ó tún ní Ànábì gan-an gbà kí ẹni tí wọ́n fi ẹran dógò lọ́dọ̀ rẹ̀ máa gùn ún. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé orí ríbà, èlé tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀, ni mò ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kò ti sùn dáadáa mọ́. Ṣé kí á kó padà sí Ìkòròdú ni?

ÌDÁHÙN: Wa alékúmù sàlámù wa ráhúmátúláhì wa bàrákátù, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, sọ fún ìyàwó rẹ pé kó lọ sùn. Ẹni tí kò mọ̀, tó bi àáfà, tí àáfà wá ṣì í lọ́nà, kò dà bí ẹni tó mọ̀ tó sì ń ṣe é. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló mú un tí kò fi sùn, ohun rere sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n òdodo ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Ríbà ni. Ilé tí ò ń gbé láìsanwó nítorí owó tí o yá onílé, èlé orí owó rẹ nìyẹn. Ojú ọ̀nà Ímáàmù Máàlíkì, tí àwọn baba wa fi ṣe ẹ̀sìn ní ilẹ̀ yìí, ni mo fi ń dáhùn. Àmọ́ lórí kókó yìí, kò sí ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà òfin ẹ̀sìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (Máàlíkì, Hanafi, Shafi'i àti Hanbali) tó gbà kí ẹni tó yáni lówó dá àǹfààní fún ara rẹ̀ ní májẹ̀mú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń tàn kálẹ̀ ní Èkó. Mo sì rò pé ẹnu wa gan-an ló ń tàn wá jẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún nǹkan méjì: a ń yá owó, a sì ń yá ilé. Lárúbáwá yà wọ́n sọ́tọ̀. Owó yíyá ni wọ́n ń pè ní salaf tàbí qard. Ilé yíyá ni wọ́n ń pè ní kirā'. Ẹni tó yá ọ ní ilé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lórí gbígbé rẹ, ilé rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yá ọ lówó kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan ju owó rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni èrè rẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá wá ń ṣiṣẹ́ méjì lẹ́nu wa, a óò rò pé ẹni tó yá onílé lówó, tí onílé sì yá a nílé, wọ́n ti dọ́gba. Wọn kò dọ́gba o. Owó rẹ yóò padà sọ́wọ́ rẹ pérépéré. Ọdún mẹ́ta tí o fi gbé inú ilé ìyá yẹn, ta ni yóò dá a padà fún un?

Àwọn baba wa mọ nǹkan yìí dáadáa, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó jẹ gbèsè á máa lọ sí oko olówó, á máa ro ó, á máa kọ ebè, ọdún á sì máa gorí ọdún, kọ́bọ̀ kò sì ní yọ kúrò nínú gbèsè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Ọjọ́ tó bá rí owó náà san pé ló tó bọ́. Nísinsìnyí, ilé ìyá arúgbó yẹn ló ń ṣe ìwọ̀fà fún ọ. Kò sí ìyàtọ̀ kankan, àfi pé yàrá kì í mú ọkọ́ lọ sóko.

Ẹ wá gbọ́ èyí, ẹ̀yin tó ń sọ pé kò sí ríbà níbi tí owó kò bá ti lé lórí owó. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari pé Abu Burda wá sí Mẹ̀dínà, ó bá Abdullah ọmọ Salaam pàdé, sàhábé tó mọ Taorah (ìwé Ànábì Mọ́sà) mọ Kùránì. Abdullah mú un wọlé láti fún un ní oúnjẹ àti dàbínù. Ó wá sọ fún un pé: ilẹ̀ tí o wà yìí, ríbà gbilẹ̀ níbẹ̀, bí o bá ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ẹnì kan, tó wá gbé ẹrù koríko gbígbẹ fún ọ, tàbí ẹrù ọkà báálì, tàbí ẹrù oúnjẹ ẹran, má ṣe gbà á, ríbà ni. Koríko o! Ohun tí ẹran ń jẹ! Bí ẹrù koríko bá lè jẹ́ ríbà, kí ni ká ti pe yàrá àti pálọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọdún mẹ́ta?

Ẹ̀rí tí àáfà yẹn mú wá ló bí mi nínú jù, nítorí hádíìsì tó yè kooro ló gbé sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni, Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira pé wọ́n lè gun ẹran tí wọ́n fi dógò, wọ́n sì lè mu wàrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò ka hádíìsì náà parí? Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé nítorí ìnáwó lórí ẹran náà ni, àti pé ẹni tó ń gùn ún, tó ń mu wàrà rẹ̀, ni yóò máa bọ́ ọ. Ẹran a máa jẹun. Bí kò bá jẹ, yóò kú, ìdógò á sì ṣòfò mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ilé kì í jẹ koríko. Àwọn ará Hanbali tó di hádíìsì yìí mú, orí ẹran ni wọ́n fi mọ, wọn kò gbé e dé orí ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé Risaala Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tí àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ń kà, sọ ọ́ láìfi bò pé èso igi dàbínù tí wọ́n fi dógò, ti ẹni tó fi í dógò ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ohun tó ń wọlé lórí ilé. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa sọ pé Màlíkì gba kí ẹni tí ìdógò wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá àǹfààní ìdógò ní májẹ̀mú: orí gbèsè ọjà tí a tà láwìn nìyẹn, pẹ̀lú ìgbà tó ní gbèdéke. Wọn kò gbà á lórí owó tí a yáni.)

Wọ́n á tún ní hádíìsì tó sọ pé gbogbo owó yíyá tó bá fa àǹfààní, ríbà ni, kò yè. A gbà, okùn àwọn tó gbà á wá kò lágbára bí a bá gbé e lọ bá Ànábì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ panu pọ̀ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó sì yè, tí Tirmidhi gbà wá, ni pé kò tọ́ láti da owó yíyá pọ̀ mọ́ títà. Ní ti pé àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, ta ni kì í fọwọ́ sí ríbà? Ẹni tí òjò ń rọ̀ lé lórí nínú ilé ara rẹ̀, kí ni kò ní fọwọ́ sí?

Àwọn kan ti wá gbọ́n, wọ́n ní: "A máa san díẹ̀. Ilé ₦600,000, a máa san ₦200,000, nítorí a ti yá onílé lówó." Kò yọ wọ́n. Risaala yẹn náà ló sọ pé títà àti owó yíyá kò tọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ àgbàṣe tàbí ilé yíyá tó bá bá owó yíyá rìn. ₦400,000 tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni koríko Abdullah ọmọ Salaam.

Ó yá, ọ̀nà àbáyọ. Má kó ẹrù rẹ síta, má sì lọ dúró lórí ìyá náà pé kó san owó rẹ lónìí. Owó rẹ ti di páànù àti pákó lórí ilé rẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 280, pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, ẹ dúró dè é títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pa májẹ̀mú àtijọ́ rẹ́. Kí ẹ jọ jókòó, kí ẹ fẹnu sọ ọ́ pé gbígbé lọ́fẹ̀ẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí iye tí wọ́n ń gba irú yàrá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò náà, kí ẹ bi ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú yín. Ká ní wọ́n ní ₦600,000 lọ́dún ni. Oṣù mẹ́jọ tí o ti gbé jẹ́ ₦400,000. Ẹ̀tọ́ ìyá nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè. Ó ku ₦2,000,000.

Lórí èyí tó kù, bí ìyá bá ní ọmọ tàbí ẹbí tó lè dá a padà fún ọ lọ́wọ́ kan, kó dá a padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àdéhùn ilé tuntun bí ayálégbé àti onílé. Èyí ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù. Bí kò bá sí, ṣé o lè máa fi owó ilé ọdọọdún yọ gbèsè náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́jú nìyí. Ibn al-Qasim, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lókìkí jù ní ojú ọ̀nà wa, kò gbà á, nítorí gbèsè lò ń sọ di gbígbé inú ilé tí ìwọ kò tíì gbé, ó sì dà bí ẹni fi gbèsè san gbèsè. Ashhab, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Máàlíkì, gbà á. Shaykh Ali al-Ujhuri, àgbà Màlíkì ní Íjíbítì, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ọkùnrin kan tó ń di ìwé ń gbé. Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá hù sí ọkùnrin yìí lọ́rùn, Shaykh á gbé ìwé fún un pé kó fi dídì wọn san án. Á sì sọ pé ọ̀rọ̀ Ashhab lòun tẹ̀lé. Àwọn tó dé lẹ́yìn sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà dára. Nítorí náà, lójú ìnira ìyá yìí, mo fún yín láyè láti tẹ̀ lé Ashhab. Ọdọọdún, ₦600,000 á yọ kúrò nínú ₦2,000,000. Bí owó ilé kò bá yí padà, á gbé yín dé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin, gbèsè á sì tán. Bí ilé àdúgbò bá gbówó lórí, kí tìrẹ náà gbówó lórí. Má ṣe gba ẹ̀dínwó kankan nítorí pé o jẹ́ ẹni tó yá a lówó.

Ọdún kan ọdún kan ni mo wí. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé o san owó ilé ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gba ayálégbé náà láyè láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yìí yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Òfin tó ń dáàbò bo ayálégbé kò ta ko ẹ̀sìn, ó sì yẹ kí Mùsùlùmí pa á mọ́.

Ní ti Ìkòròdú, mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Àsùbáà nínú mọ́tò kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì wù mí kí o máa gbé níbi tí wà á ti máa gbọ́ ìpè ìrun. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ, bí ilé Ìsàlẹ̀ Èkó bá bọ́. Àwọn ará Banu Salima jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Ànábì, àyè wá ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó wá síbẹ̀. Ànábì gbọ́, ó sọ fún wọn pé: ẹ̀yin ọmọ Salima, ẹ dúró sí ilé yín, wọ́n ń kọ ipasẹ̀ ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ (èrè ìrìn yín sí mọ́ṣáláṣí nìyẹn). Ímáàmù Muslim ló gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti mọ́tò, bẹ awakọ̀ kó dúró fún yín láti kírun, tàbí kí o wọ mọ́tò tó ń gbéra lẹ́yìn ìrun. Wàá pẹ́ dé ọjà díẹ̀, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà dí i.

Kí ìwọ àti ìyá kọ àdéhùn tuntun náà sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ìyá ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ọmọ rẹ̀ kan sì kà á fún un lédè Yorùbá kó tó tẹ̀ka. Bí ẹ̀rù bá ń bà á pé ò ń fẹ́ lé òun lórí owó, mú un wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àlàmísì, èmi fúnra mi ni n óò ṣàlàyé fún un.