Òrùlé gíga, òjò ìfẹ̀gbẹ́: kí ni kí a béèrè nípa ibùdókọ̀ rélùwéè tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lẹ́bàá ojú irin níhà Agbádó. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ tuntun sítòsí wa, wọ́n sì ti fi àwòrán rẹ̀ hàn wá kí a lè sọ tẹnu wa. Òrùlé tí wọ́n yà sórí pèpéle tí èrò yóò ti máa dúró de ọkọ̀ wuyì gan-an: etí rẹ̀ ga ní mítà 5, ó gùn ní mítà 30, kò sí ògiri kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi tó ń tajà l'Ágége wo àwòrán náà, wọ́n ní, "Abẹ́ ibí yìí náà ni òjò á ti pa wá." Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí a ní kí wọ́n yí padà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ bá mi kí màmá. Òótọ́ pọ́nńbélé ni wọ́n sọ.

Òjò tiwa kì í sábà rọ̀ lóòró. Ìjì líle tó máa ń ṣáájú òjò, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló ti ń wá, tó ń sáré lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ojú irin láti Ọ̀ṣódì gba Ìkẹjà àti Agége dé Agbádó sì kọrí sí àríwá, ó kàn ń yà díẹ̀díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn ni. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ pèpéle ni ìjì yóò máa kọlù. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà ni oòrùn àárọ̀ yóò máa wọ̀, tí ti ìrọ̀lẹ́ yóò sì gba òdìkejì wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí atẹ́gùn bá gbé òjò fẹ̀gbẹ́ dé dígírì 45 kúrò lóòró, bí etí òrùlé bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ tó. Etí tó ga ní mítà 5 yóò gba òjò wọlé ní mítà 5. Bí pèpéle yín bá fẹ̀ ní mítà 6, mítà 1 péré ló kù tí gbogbo èrò yóò fún ara wọn mọ́. Bí òjò kò bá tilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ ju dígírì 30 lọ, nǹkan bíi mítà 3 ni yóò rin gbingbin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ etí òrùlé kalẹ̀ sí mítà 3, òjò dígírì 45 kò ní kọjá mítà 3, ti dígírì 30 kò sì ní tó mítà 2.

Kí ló dé tí àwa ayàwòrán-ilé fi ń gbé e sókè nígbà náà? Ká má tan ara wa, ó máa ń dára nínú fọ́tò. Àmọ́ ìdí gidi náà wà. Àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àti lókè rẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun dí, kí ọkọ̀ lè kọjá láìfara kan òrùlé. Òrùlé tó bá fẹ́ bo orí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga nìyẹn. Èyí tó bá fẹ́ wálẹ̀ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí pèpéle. Ìdí kejì ni èéfín. Nínú rélùwéè Èkó, Blue Line tó ń lọ sí Marina ń lo iná mànàmáná, ṣùgbọ́n dísù ni ọkọ̀ Red Line tó ń ná Agbádó sí Oyíngbo ń jó. Bí wọ́n bá bo ibẹ̀ pa láìfi ojú ihò sílẹ̀ lókè, inú èéfín ni ẹ ó máa dúró sí.

Nítorí náà, ẹ má kàn kọ̀wé pé "ẹ rẹ òrùlé sílẹ̀." Ẹ ní kí àárín òrùlé ga kí ooru àti èéfín lè rí ibi jáde, kí etí rẹ̀ sì wálẹ̀. Bí wọ́n bá ní etí kò lè wálẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan kọ́ sí i láti dí òjò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ibùdókọ̀ láyé Ọbabìnrin Fikitóríà máa ń kan pákó mọ́ etí òrùlé yí ká, tí wọ́n á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, bẹ́ẹ̀ òjò àti atẹ́gùn ló ń bá wí. Lẹ́yìn pèpéle, ẹ béèrè ògiri tí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, tàbí gíláàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí díẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà kó síbẹ̀. Kó jẹ́ ohun tí èèyàn lè rí ọ̀kánkán gbà inú rẹ̀. Obìnrin tó ń dá dúró de ọkọ̀ lálẹ́ fẹ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

Mítà 30 tí wọ́n kọ yẹn ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Ọkọ̀ tó bá ní kóòṣì mẹ́rin lè gùn tó mítà 100. Bí òjò bá ń rọ̀, gbogbo èrò á kó sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo yẹn, tí ọkọ̀ bá sì dé, ẹnu ọ̀nà méjì tó bọ́ sí iwájú wọn ni gbogbo wọn á rọ́ lù. Kóòṣì ẹ̀yìn á ṣófo, ti àárín á fún pọ́npọ́n, ọkọ̀ á sì pẹ́ ní ibùdókọ̀. Bí owó kò bá tó láti bo pèpéle tán, ẹ ní kí wọ́n pín òrùlé náà sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tò ó káàkiri. Ti èmi ni pé kí owó àkọ́kọ́ tilẹ̀ lọ sórí ọ̀nà tó ti ibi tíkẹ́ẹ̀tì dé pèpéle, títí kan àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀. Àtẹ̀gùn irin tí omi wà lórí rẹ̀ máa ń gbé àgbàlagbà ṣubú.

Omi òrùlé náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbà. Òrùlé tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i láàárín wákàtí kan, lítà 30,000 nìyẹn, tánkà omi mẹ́ta tó ń gba lítà 10,000. Bí kò bá sí gọ́tà létí òrùlé, ọrùn ẹni tó ń wọkọ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò máa dà sí. Kí ilẹ̀ pèpéle fúnra rẹ̀ rọra dà sẹ́yìn, kó má dà sójú irin, nítorí omi àti nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tí wọ́n bá ṣèèṣì fi sílẹ̀.

Páànù lásán kò tó. Ooru rẹ̀ nìyẹn lọ́sàn-án, bí òjò bá sì ń lù ú, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ìkéde pé ọkọ̀ ti yí pèpéle padà. Ẹ béèrè èyí tó ní fóòmù láàárín, àti pátákó tó ń kọ ìkéde sójú. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bí wọ́n ṣe so òpó mọ́ ilẹ̀ àti òrùlé mọ́ òpó, torí òrùlé tí kò ní ògiri, atẹ́gùn á fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á sì fẹ́ ṣí i lọ. Bóòtù ló yẹ, kì í ṣe ìṣó.

Ìjókòó kò ní wàhálà púpọ̀: kó ní ẹ̀yìn, kó ní ibi tí àgbàlagbà lè fọwọ́ tì dìde, kí àyè kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wà lábẹ́ òrùlé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àwọn bíi màmá, bí wọn kò bá pèsè ìbòji fún ọlọ́jà níwájú ibùdókọ̀, abẹ́ òrùlé èrò ni ọjà yóò ná sí. Kí wọ́n yà á sínú àwòrán láti ìsinsìnyí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ gba àwòrán tó la ibùdókọ̀ náà láàárín bí ẹni fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà nìkan kò tó láti fi mọ bí etí òrùlé ṣe ga tó lóòótọ́. Kí wọ́n kọ gíga etí òrùlé, fífẹ̀ pèpéle àti bí òrùlé ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó sórí àwòrán náà ní nọ́ńbà. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọ́fíìsì tí yóò máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ìdáhùn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀.