Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ṣé olódo lọmọ mi ni, àbí kíláàsì ni kò dáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin wà ní Pírámárì 5 nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ládùúgbò wa. Láti ìgbà tí ìjì ti ká páànù ilé ẹ̀kọ́ náà, kíláàsì méjì ni wọ́n kó pọ̀ sínú yàrá kan. Ilẹ̀ ni tèmi ń jókòó sí. Kì í mu omi látàárọ̀ títí yóò fi délé, ó ní òun ò fẹ́ lọ tọ̀ nínú igbó. Orí a sì máa fọ́ ọ lọ́sàn-án. Olùkọ́ rẹ̀ ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, ìkẹyìn ló sì ṣe nínú ìdánwò. Bàbá rẹ̀ ní ká yáwó gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ aládàáni. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ ó jèrè wọn. Ọmọ tí kò fomi kan ẹnu láti àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, lábẹ́ páànù, nínú ooru ọmọ kíláàsì méjì, ìṣirò wo lẹ fẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí? Òùngbẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí nínú ọ̀rọ̀ orí fífọ́ yẹn. Bó bá ń mumi tí kò sì dẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ irú yàrá yẹn dáadáa. Olùkọ́ kan ń pe ìsọdipúpọ̀, èkejì ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá wà láàárín kò gbọ́ ọ̀kankan. Bí òjò bá dé, àwọn méjèèjì á dákẹ́. Ọmọ tó ń kọ̀wé lórí itan kò ní í kọ ìlà kejì tán tí wọn ó fi nu pátákó. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ọmọ 35 ló yẹ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ ka iye orí tó wà níbẹ̀.

Ní tèmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ṣáájú òrùlé pàápàá. Ọmọ yín ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí yóò máa rí nǹkan oṣù. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń pa ilé ìwé jẹ lóṣooṣù nígbà tèmi, wọn ò ṣàìsàn. Ṣáláńgá wa ni kò nílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n géètì ni àwọn olówó ìlú máa ń fẹ́ kọ́ fún wa. Ta ni yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ṣáláńgá?

Èmi ò ní í yáwó nítorí aládàáni. Púpọ̀ nínú wọn, ilé gbígbé tí wọ́n háyà ni, kò sí ibi tí ọmọ yóò ti sáré. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó náà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú yín lọ síbi tí ọmọ ti ń tọ̀.

Lọ́la, ẹ fún un ní ìgò omi. Ẹ bẹ ilé kan tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọbìnrin máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kí wọ́n máa lọ ní méjì méjì. Ẹ rọra bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó mú un jókòó síwájú. Òun náà wà nínú ooru yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀gá àgbà nígbà tí SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá wọn bójú tó ilé ẹ̀kọ́, máa pàdé. Ìgbìmọ̀ yìí yàtọ̀ sí PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, òbí sì láyè níbẹ̀. Wọn ó ní kò sówó. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń pín in, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdajì owó iṣẹ́ wá. Èyí tí kò bá mú tirẹ̀ wá, owó á máa sùn sí Àbújá. Ẹ bi SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín, bóyá ìpínlẹ̀ ti san tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí òbí púpọ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi fọ́tò òrùlé mọ́ ọn. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa gbé padà sílé.