Ẹ̀gbọ́n Ń Fi Oúnjẹ Pamọ́, Àwọn Àbúrò Náà Ti Ń Ṣe É

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 9 ni ọmọkùnrin tí a gbà tọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ abẹ́ ìrọ̀rí ló ń kó búrẹ́dì àti ẹran pamọ́ sí. Ní báyìí, àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 5 àti ọdún 3, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ó fẹ́ ba àwọn tó kù jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe jọra lójú, àmọ́ ohun tó ń tì wọ́n ṣe é yàtọ̀.

Ọmọ tí ebi ti pa gan-an rí kì í tètè gbàgbé. Bí oúnjẹ tilẹ̀ kún ilé, ọkàn rẹ̀ lè má tíì gbà pé ti ọ̀la á wà. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀kánjúwà, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù kankan kò ba àwọn àbúrò ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ló wù wọ́n, wọ́n fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ó fi hàn pé wọ́n ti gbà á ní ẹ̀gbọ́n tọkàntọkàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án lójú wọn kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn ọdún 1960, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wo àgbàlagbà tó ń lu ọmọláńgidi. Àwọn tó rí i pé wọ́n fìyà jẹ àgbàlagbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ fara wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní àwọn á fún wọn lẹ́bùn tí wọ́n bá ṣe ohun tí wọ́n rí, wọ́n ṣe é. Wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n kàn fi pamọ́ ni. Tí ẹ bá nà án, àwọn ọmọ tiyín náà á kàn lọ wá ibòmíì tí wọ́n á máa kó ẹran sí ni.

Ẹ wá abọ́ kan tó ní ọmọrí, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà tó. Ẹ kó bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì máa tún un kó kó tó ṣófo, láìjẹ́ pé ó tọrọ. Ẹ sọ fún un pé, "Tìẹ nìyí, ìgbàkígbà tó bá wù ẹ́ ni kó o mú." Ẹran tó ti fẹ́ bà jẹ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ bá a kó o kúrò jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Fún àwọn kékeré, "Ìdí tábìlì la ti ń jẹun" ti tó. Ẹ má dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn sí i. Kí òun gan-an máa bá wọn bu oúnjẹ, kí wọ́n rí i tó ń fi kún tiwọn, ìyẹn náà ni wọ́n á máa ṣe.

Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Kí bàbá àwọn ọmọ bá wọn sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ níbi tí ọmọ ti lè gbọ́. Tí ọmọ náà bá ń jẹun débi pé ó ń bì, tàbí kò sùn lóru nítorí oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó bá yín ṣe ètò ìgbàtọ́ náà.