Ṣé irọ́ tí Erin Patterson pa ni wọ́n fi dá a lẹ́bi?

Rárá o, kì í ṣe irọ́ nìkan. Obìnrin ará Ọsirélíà yìí gba àwọn àna rẹ̀ mẹ́rin lálejò ní Leongatha ní July 29, 2023. Olú olóró wà nínú oúnjẹ tó sè; mẹ́ta kú, ẹnì kan ló yè é. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú olú gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ yẹn ló ti gbé e lọ dà nù sí ààtàn. Ní kóòtù, ó gbà pé òun parọ́, pé jìnnìjìnnì ló bá òun.

Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ. Àwọn kan ní òpùrọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́ mọ́. Àmọ́ adájọ́ kìlọ̀ fún àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti pinnu bóyá ó jẹ̀bi, pé ènìyàn lè parọ́ láìjẹ̀bi, ó sì dùn mọ́ mi pé ó sọ ọ́. Ẹ̀rí mìíràn wà: ẹni tó yè é ní àwo aláwọ̀ eérú làwọn àlejò fi jẹun, ti Patterson nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní July 7, 2025; ẹ̀wọ̀n gbére ni.